Ẹni Tí Wọ́n Kó Lọ Ló Wà Nínú Ìwé: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Ìtàn Ìdílé Láyé Kọ̀ǹpútà

Ọmọ Ọ̀yọ́ kan tí ogun kó ní nǹkan bí 1825, tí wọ́n tà sétí òkun, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú omi, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀ àti ilà ara rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Àbúrò rẹ̀ tó ráyè sá wọgbó, tó padà wá kọ́lé sí Ìbàdàn, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó di baba ńlá agbo ilé kan, kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí wọ́n kó lọ ló wà nínú ìwé. Ẹni tó kù nílé, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun tó yẹ kí a mú dání nìyí bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì, àyẹ̀wò DNA àti ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI ti sọ iṣẹ́ tó ń jẹ ọ̀pọ̀ ọdún lára ènìyàn di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé bá ti wà tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń rí nǹkan ṣe. Fún àwa Yorùbá, tí àwọn kan nínú wa kù nílé, tí àwọn kan sì bá òkun lọ, ọ̀rọ̀ náà wá pín sí méjì. Àwọn tó lọ ní ìwé, ìtàn ni wọn kò ní. Àwọn tó kù ní ìtàn, ìwé ni wọn kò ní. Ẹ̀rọ ti ran ìdajì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ gidigidi. Ìdajì kejì ṣì wà lọ́rùn wa.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdílé rẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbà ló ń lọ. Bí wọ́n bá ti ki ènìyàn ní ọmọ Oníkòyí, ọmọ Ọlọ́fà tàbí ọmọ Òpómúléró, wọ́n ti sọ ìlú tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣí wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ wọn. Àwọn obìnrin ilé, títí kan ìyàwó tó ti ilé mìíràn wá, ló sábà máa ń mọ oríkì náà jù, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi í kí ọkọ àti ọmọ. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù láti kọ́ nípa oríkì, fi èyí hàn kedere nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1991. Adébóyè Babalọlá ti ṣáájú rẹ̀ kó oríkì orílẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1967. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ló ń ka ìtàn àwọn ọba.

Ẹnu arọ́kin ni Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un tò, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko ni ìtàn odidi ìran kan fi wà nínú ewu, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ tó pé kò ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn Òyìnbó ní tiwọn gbẹ́kẹ̀ lé ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ̀n ní Utah, tí ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n máa wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn, dá ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé sílẹ̀ ní 1894. Ní 1938, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú sórí fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀kan gbọ́dọ̀ béèrè, kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ó jókòó ti ẹ̀rọ, kí ó máa yí fíìmù láti ojú ewé kan sí èkejì títí ojú yóò fi máa ta á. Ẹgbẹ́ yìí ló di FamilySearch. Ìkànnì rẹ̀ jáde ní 1999. Ní 2017 wọ́n dáwọ́ fífi fíìmù ránṣẹ́ dúró. Ní 2021 wọ́n kéde pé gbogbo fíìmù náà, mílíọ̀nù 2.4, ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún aráyé.

Láàárín fíìmù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni Alex Haley, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé Roots jáde ní 1976, tí wọ́n sì fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Haley ní apìtàn kan ní Juffure, ní ilẹ̀ Gáńbíà, ló júwe ilé baba ńlá òun, Kunta Kinte, fún òun. Àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí ibi púpọ̀ tí kò ti dúró. Síbẹ̀ ìwé náà ló mú kí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, ilé ta ni mo ti jáde wá? Ìbéèrè ti délẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè dáhùn rẹ̀ tó dé.

Ìwé àwọn tí wọ́n kó lọ

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti ń kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àpá tàbí ilà ara. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà ní April 1822 nígbà tí ọkọ̀ ogun Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń jẹ́ Esperanza Felix. Àjàyí náà ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ogun ti yà wọ́n, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ìwé kọ́ ló mú wọn pàdé. Ẹnu àwọn tó padà wálé láti Sàró àti ẹsẹ̀ rírìn ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nínú ìwé kan náà kò ní irú oríire yẹn.

Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yìí ni Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà kó jọ sójú kan. Orúkọ tó lé ní 91,000 ni wọ́n rí nínú ìwé Freetown àti ti Havana, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ African Origins. Wọ́n mọ̀ pé akọ̀wé tó ń fi etí Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Sípéènì gbọ́ orúkọ wa kò lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Kò sí gb lẹ́nu rẹ̀, ẹ àti e kò yàtọ̀ lójú rẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò sì kàn án. Nítorí náà wọ́n ní kí a ka àwọn orúkọ náà sókè, kí a gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè Áfíríkà tẹ́tí sí i, kí ó sọ inú èdè tí ó ti wá. Ẹ̀rọ kó orúkọ jọ tán, ó tún padà wá bi ọmọ ilé léèrè. Ìyẹn ni mo kà sí ìlò ẹ̀rọ tó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Àkójọ mìíràn, Slave Voyages, ń tọpa ọkọ̀. Orí sídì ló wà nígbà tó jáde ní 1999, pẹ̀lú ìrìnàjò 27,233. Ní 2008 ó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìnàjò tó lé ní 36,000 ló sì wà níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá mọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún lè rí etíkun tí wọ́n ti kó ènìyàn, bóyá Èkó, Àjàṣẹ́ tàbí Ouidah, àti ibi tí wọ́n já wọn sí.

Ní Bràsíìlì, ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbé iná sí ẹ̀rí. Ní December 1890, Rui Barbosa tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná pàṣẹ pé kí wọ́n sun àwọn ìwé ìní ẹrú. Ṣùgbọ́n ìjọ Kátólíìkì ti ń ṣe ìrìbọmi fún ẹrú láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun rẹ̀, orúkọ olówó rẹ̀ àti ìran tí wọ́n kà á mọ́, bíi Nàgó ní Bahia àti Lukumí ní Kúbà, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Láti 2003 ni Yunifásítì Vanderbilt ti ń ya irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti Kúbà, Bràsíìlì, Kòlóńbíà àti Flọ́rídà, kí ikán àti omi tó pa á run.

Ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn nínú ìtàn Casa Branca, ilé òrìṣà tó lókìkí ní Salvador, ní Bahia. Àwọn ọmọ ilé náà ti ń sọ ọ́ láti ìran dé ìran pé Ìyá Nàsó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, àti pé òun àti ọmọ òrìṣà rẹ̀, Marcelina, padà sí ilẹ̀ Áfíríkà nígbà kan. Lisa Earl Castillo àti Luis Nicolau Parés lọ tú ìwé ìdásílẹ̀, ìwé ìrìnnà àti ìwé ìhágún wò. Ní 2007 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé Francisca da Silva ni orúkọ Ìyá Nàsó nínú ìwé, pé àwọn ọmọ rẹ̀ kó sínú ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí, ní 1835, àti pé ó gba ìwé ìrìnnà kúrò ní Bahia ní 1837. Ìwé fún ìtàn ẹnu ní ọdún àti ìdí. Ká ní ilé náà kò pa ìtàn rẹ̀ mọ́ ni, Francisca da Silva ìbá jẹ́ obìnrin kan ṣáá láàárín ẹgbẹ̀rún mìíràn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ìwé nìkan kò tó ẹlẹ́rìí, ẹnu nìkan kò sì tó.

Ti ọkọ̀ Clotilda náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti de kíkó ẹrú wọlé láti 1808, ọkọ̀ yìí kó 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára wọn. Agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni ó ti wá. Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 1927, ṣùgbọ́n ìwé tó kọ, Barracoon, kò jáde títí di 2018. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé Kossola, tó kú ní 1935, ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Ìgbà náà ni Hannah Durkin, olùwádìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀rọ̀ obìnrin kan nínú ìwé ìròyìn Selma ti 1931. Matilda McCrear ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí kọ́ọ̀tù láti béèrè owó gbà-má-bínú fún jíjí tí wọ́n jí i gbé. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, January 1940 ló sì kú. Nígbà tí ìwádìí yìí jáde ní 2020, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣì wà láàyè, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì mọ̀ pé inú Clotilda ni ìyá ńlá òun bá dé. Ìran méjì péré, ìtàn ti jábọ́ lọ́nà. Ìwé ìròyìn ló gbé e dúró.

Ògiri 1870 àti ẹ̀rọ tó ń kàwé

Àwọn ẹbí Clotilda lóríire. Fún ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, 1870 ni ògiri tí ìwádìí máa ń forí sọ. Ìkànìyàn ọdún yẹn ni àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú. Ní 1850 àti 1860, orúkọ olówó ni wọ́n kọ; wọ́n to àwọn ẹrú sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀, láìsí orúkọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó fọ́ ògiri náà díẹ̀ ni ìwé Freedmen's Bureau, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1865 láti tọ́jú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Láti June 2015 títí di June 2016, àwọn olùyọ̀ǹda tó lé ní 25,000 jókòó sílé wọn, wọ́n ka ìwé àfọwọ́kọ náà, wọ́n sì tẹ orúkọ tó tó mílíọ̀nù 1.8 sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ló pín iṣẹ́ náà fún wọn, ojú ènìyàn ló ṣe é.

Èkejì kò tíì pẹ́ rárá. Ní 2024, FamilySearch gbé ètò kan jáde tó ń lo AI láti ka ìwé àfọwọ́kọ látòkè délẹ̀, pàápàá ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún ti Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, orúkọ olówó nìkan ni ènìyàn lè fi wá ìwé ìhágún. Àwọn ẹrú tó fi ṣe ogún fún ọmọ rẹ̀, tí orúkọ wọn wà ní ìlà kẹtàdínlógún lẹ́yìn màlúù àti ibùsùn, kò sí ẹni tó lè wá wọn rí. Ní báyìí ẹ̀rọ ń ka gbogbo ìlà, orúkọ ẹrú sì ṣeé wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ olówó. Nínú gbogbo ohun tí AI ti ṣe fún iṣẹ́ yìí, èyí ló wúlò jù. Àwọn ohun tó ń pariwo jù kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ MyHeritage gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń mú kí àwòrán òkú máa ṣẹ́jú, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún nígbà tí wọ́n rí i, ṣùgbọ́n kò fi ohun kan kún ohun tí a mọ̀ nípa òkú náà. Ewu tún wà níbẹ̀: AI tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ lè hun ìtàn ìdílé tó dùn létí, tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ padà lọ wo ìwé gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀

Láti nǹkan bí 2000 ni àyẹ̀wò DNA fún ìtàn ìdílé ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan ń tọ ìran baba, láti baba sí ọmọkùnrin. Èkejì ń tọ ìran ìyá. Ẹ̀kẹta ń wo gbogbo ara, ó sì ń wá ìbátan láàárín àwọn tó ti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹni tó bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn ní òbí 1,024 ní ìran náà. Àyẹ̀wò ìran baba ń sọ nípa ẹnì kan nínú wọn, ti ìran ìyá ń sọ nípa ẹnì kan. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sọ fún ènìyàn pé Yorùbá ni ọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni méjì ló ń sọ, àwọn 1,022 tó kù kò tíì fọhùn.

Ibo ni wọ́n tilẹ̀ ti mọ bí DNA Yorùbá ṣe ń rí? Ìbàdàn wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, tó ń wo bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, ní 2002, ẹni àádọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, tí wọ́n jẹ́ ọgbọ̀n ìdílé ti baba, ìyá àti ọmọ, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń lo àkójọ náà títí di òní gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣe ayé lóore. Ṣùgbọ́n ìlú tí ogun kó oríṣiríṣi ènìyàn jọ sí ni Ìbàdàn, ẹni àádọ́rùn-ún níbẹ̀ kò sì lè dúró fún Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Àkókó àti Kétu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àkójọ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èsì ń yí padà. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní ọdún kan pé ìdajì ara rẹ̀ wá láti Nàìjíríà lè bá nọ́ńbà mìíràn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yí padà. Ààlà tí Òyìnbó fà tún wà nínú rẹ̀. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Atakpamé jẹ́ ilé Yorùbá, ṣùgbọ́n ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ti pín ilẹ̀ sí Nàìjíríà lápá kan, Benin àti Togo lápá kejì, ọmọ ìyá kan náà lè bára wọn ní ojú ìwé méjì.

Oríṣi kẹta, èyí tó ń wá ìbátan, ló sàn jù, nítorí pé ènìyàn tó wà láàyè ló ń fi han ènìyàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà nílé kò pọ̀. Nígbà tí ọmọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston bá ṣe é, tó sì bá ìbátan kan pàdé ní Bahia tàbí Alabama, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló mọ ẹni tí ogun mú nílé wa? Àgbà ni yóò dáhùn ìyẹn.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú. Ẹni tó tutọ́ sínú ìgò ti fi ti ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2018, ọlọ́pàá California fi DNA ìbátan mú apànìyàn kan tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún; ìyẹn dára. Ní 2023, wọ́n jí ọ̀rọ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 ènìyàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ 23andMe tó ń ṣe àyẹ̀wò DNA. Ní March 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù pé òun ti wọ gbèsè. Kí ẹbí tó ṣe àyẹ̀wò, ó yẹ kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ohun tó lè jáde kò mọ sí ibi tí a ti wá nìkan. Ó lè sọ pé baba kì í ṣe baba.

Ilé wa ńkọ́?

Ìwé kò ṣaláìsí nílé pátápátá. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí Kenneth Dike dá sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, kún fún ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀. Ìwé àwọn àlùfáà CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà ní Yunifásítì Birmingham. Ìwé ìrìbọmi wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Lábẹ́ Òfin Oyè ti Ìwọ̀ Oòrùn ní 1957, wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé tó ń jọba sílẹ̀. Ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ sì wà ní kọ́ọ̀tù, níbi tí ẹbí kan ti ń ka ìran rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni kò tíì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sì yẹ kí a gbà wọ́n gbọ́ lódindi. Ẹbí tó ń jà lórí ilẹ̀ kì í rántí pé àlejò ni baba ńlá òun. Ilé tó fẹ́ joyè máa ń gbàgbé ìran tó yẹ kó bá a dù ú. Àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú tàbí ìwọ̀fà nínú ilé, ìtàn sábà máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìtàn ẹnu náà ní ohun tó ń jẹ.

Ẹ̀rọ tí Òyìnbó ṣe fún títo ìdílé kò sì bá ilé wa mu tán. Ó retí baba kan, ìyá kan, orúkọ baba kan. Nílé wa, baba kan lè ní ìyàwó márùn-ún, ìdí ìyá ni wọ́n sì ń gbà pín ogún. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n wọlé ìwé, ọ̀kan lo orúkọ baba, èkejì lo ti baba ńlá. Ilé tó ń jẹ́ Fá- lánàá lè ti di Olú- lónìí lẹ́yìn tí wọ́n gba ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá ń wá orúkọ kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò pàdánù ìdajì àwọn ènìyàn rẹ̀. Àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015 wúlò níbẹ̀, nítorí pé ó fi àmì ohùn sí orúkọ. Ọjọ́ ìbí náà ń fẹ́ ọgbọ́n: àgbà yóò sọ pé wọ́n bí ìyá òun nígbà ogun Kírìjì, tàbí ọdún tí àìsàn ńlá pa ènìyàn, ìyẹn 1918. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó wá ọdún fún un.

Ní ti ohun tí a ti ń fi ẹ̀rọ ṣe nílé, ẹgbẹ́ ẹbí lórí WhatsApp ló wọ́pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú, àwòrán àtijọ́ àti orúkọ àwọn ọmọ tuntun ń gbà kọjá. Ìwé ètò ìsìnkú tilẹ̀ jẹ́ ìwé ìtàn ìdílé tó dára jù tí ọ̀pọ̀ ilé ní: ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí, àwọn ọmọ àti ìlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti sọnù, ó lọ nìyẹn. FamilySearch ti rán àwọn afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ sí abúlé ní ilẹ̀ bíi Gana àti Nàìjíríà láti gbohùn àwọn àgbà tó mọ ìran wọn sílẹ̀. Ó yẹ ká yìn wọ́n, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìtàn ilé wa máa dúró de àlejò.

Ìdájọ́

Ẹ̀rọ ti ṣe ohun tó pọ̀ fún àwọn tí ogun kó lọ. Ó ti jẹ́ kí ọmọ wọn lè rí orúkọ ọkọ̀, ọdún àti etíkun. Ohun tí kò lè fún wọn ni orúkọ agbo ilé, oríkì àti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n mú wọn lọ. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyẹn wà, ó sì ń bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ lọ. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bí a kò bá gba àrọ́bá náà sílẹ̀, ọmọ tó bá bọ̀ láti Salvador lẹ́yìn ọ̀la kò ní bá ìkankan nínú méjèèjì.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó àyẹ̀wò DNA, ẹ fi fóònù yín gbohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ilé, nítorí àwọn ló mọ oríkì. Ẹ béèrè orúkọ ìyá bí ẹ ṣe ń béèrè orúkọ baba. Ẹ béèrè ẹni tó lọ tí kò padà. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú àti ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu ẹni méjì, kí ẹ sì pa ìyàtọ̀ wọn mọ́. Ẹ ya ìwé ètò ìsìnkú àti ojú ibojì. Ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àwọn tó wà láàyè síta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ẹ fi wọ́n pa mọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ rántí ìwé Johnson tó sọnù. Kò sí èyí tó wọ́n nínú gbogbo rẹ̀, fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Àgbà tí yóò sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ni kò ní dúró dè wá.